Wajawaja Ọrùn Ìyàwó Mi

Ẹ má bi mí léèrè ohun tí arúgbó tí ìdí rẹ̀ tóbi tó tèmi ń wá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìlẹ̀kẹ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ní ilé ìwòsàn, ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń sín. Mi ò kì í tà á, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di òwò mọ́ mi lọ́wọ́. Ọwọ́ tó ti ń fọ aṣọ aláìsàn láti ìgbà ọmọge kò mọ bí a ti ń jókòó lásán, ni mo bá wá nǹkan kékeré aláwọ̀ mèremère fi dá a lára yá. Mo ra ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, mo ra abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bí irun imú, mo gbé awò sójú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú abẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń wá ojú rere àna. Màá fi itọ́ pọ́n òwú lẹ́nu, màá na ọwọ́ síwájú, màá gún afẹ́fẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin á ní, “Màmá, ọwọ́ òsì yín ni abẹ́rẹ́ wà.” Màá ní, “Mo mọ̀. Mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni.”

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn oníwajawaja. A ó kọ́kọ́ sín èyí tó máa yí ọrùn ká, lẹ́yìn náà a ó máa sọ okùn kéékèèké kalẹ̀ lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi rọ̀ sílẹ̀ sí àyà bí omi òjò létí òrùlé. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ tó ń rìn, á máa dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Tó bá sì tẹ̀ síwájú, wajawaja náà á fi àyà sílẹ̀, á máa fì sọ́tùn-ún, á máa fì sósì.

Àlébù kan ni tèmi ní: ó máa ń já. Àkọ́kọ́ tí mo ṣe, Télọ̀ ni mo fún, obìnrin tó ń ránṣọ ní ilé kejì sí wa, ọ̀rẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ burú ju tèmi lọ. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin àdúgbò. Bí Alága ṣe dìde láti sọ̀rọ̀ ni okùn já pátì, ìlẹ̀kẹ̀ tú ká, Alága gbẹ́sẹ̀ lé e, ó sì jókòó níbi tí kò sí àga. Láti ọjọ́ náà ni Télọ̀ ti ń pè mí ní Ìyá Já-Pátì. Tí mo bá fún ẹnikẹ́ni ní ìlẹ̀kẹ̀, á ké láti ojú fèrèsé rẹ̀ pé, “Ẹ fi abọ́ sábẹ́ ọrùn o!”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta àwọ̀n àti ìwọ̀ fún àwọn apẹja lọ, mo ní kó fún mi ní okùn ìwọ̀ tó le jù nínú gbogbo ohun tó ní. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Màmá, irú ẹja wo lẹ fẹ́ pa?”

“Alága.”

Kò yé e, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ó fi eyín gbìyànjú okùn náà níwájú mi, kò gé e. Ọ̀bẹ ló fi rẹ́ ẹ, ọ̀bẹ náà sì kọ́kọ́ yọ̀ lórí rẹ̀. “Ẹja tó bá gbé èyí mì,” ó ní, “ẹja ló máa rẹ̀, kì í ṣe okùn.”

Mo délé, mo ronú sí i. Ibi tí a ti ń fi ìkọ́ dè é lẹ́yìn ọrùn ló máa ń tú jù, nítorí náà mi ò fi ìkọ́ sí i mọ́. Mo ta á ní kókó, mo fi iná àbẹ́là yọ́ kókó náà títí ó fi di ara kan. Orí la ó máa ti gbé e wọ̀. Mo so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, mo gbé korobá omi kọ́ ọ, mo bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Nígbà tí mo padà dé, korobá ṣì wà níbẹ̀. Mo pe ọmọ mi, ó dì í mú lọ́hùn-ún, èmi dì í mú níhìn-ín, a fà á bí ewúrẹ́ méjì tó ń fa ewé. Èmi ni mo ṣubú. Mo wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi lókè, yẹ̀rì mi níta, mò ń pariwo pé, “Kò já! Kò já!” Ẹ ò rí i pé orí arúgbó ti dàrú.

Ìyàwó ọmọ mi ni mo ṣe é fún. Ilé kan náà la jọ ń gbé. Kì í ṣe pé à ń jà. Ìjà ì bá sàn, ìjà ní ohùn. “Ẹ káàárọ̀, Màmá.” “Káàárọ̀, Ìyàwó.” Ó parí. Èmi aláriwo, òun onídàákẹ́. Bí agogo àti ìrọ̀rí ni wọ́n kó wa sí yàrá kan náà. Tí mo bá dá àpárá, á wò mí bí ẹni pé mo sọ̀rọ̀ nípa òkú. Ọmọ mi wà láàárín wa, ó ń rẹ́rìn-ín fún ìhín, ó ń mi orí fún ọ̀hún, ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ kán.

Nígbà tí mo nà án sí i, ó dúró, kò gbà á.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí? Fún èmi?”

“Rárá, ewúrẹ́ ni mo ṣe é fún. Bá mi wọ̀ ọ́ wò ná.”

Ó gbé e wọ̀ láti orí, ó lọ síwájú dígí, ó yí ọrùn síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó bú sẹ́rìn-ín! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀ tó wà lẹ́yìn. Ó ní, “Mi ò ní bọ́ ọ o, Màmá. Láé.” Kì í ṣe ẹnu lásán. Láti ọjọ́ náà, ó ń jókòó tì mí nírọ̀lẹ́, ó ń bá mi ṣa ìlẹ̀kẹ̀ pupa kúrò lára dúdú, ó ń sọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ fún mi. “Màmá mi” ló wá ń pè mí. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú ilé ìgbẹ́.

Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó tẹ̀ láti tú bàtà, mo rí i pé ẹnu wajawaja náà funfun fún ìyẹ̀fun. Mo fi etí ìró mi nù ún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ ìsàlẹ̀ okùn kan ti rún wómúwómú, bí ẹni pé wọ́n fi eyín jẹ ẹ́.

“Ìyàwó, ta ló ń jẹ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ?”

“Bóyá mo fara gbá nǹkan, Màmá mi.”

Mo tún un ṣe sí i lọ́rùn. Okùn ìwọ̀ yẹn náà ni mo fi tún un ṣe, mo sì fi ìlọ́po rẹ̀ sí i kó má baà tún bàjẹ́. Ọlọ́gbọ́n ni mí.

Ọjọ́ kan ló wá gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé, mo ní kí n mú un lọ fún un, kí n sì fi ojú rí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé gígùn ni, ògiri rẹ̀ dúdú fún èéfín, ilẹ̀ rẹ̀ funfun fún ìyẹ̀fun. Ooru ibẹ̀ gbá mi lójú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú omi gbígbóná. Ariwo ibẹ̀ tóbi ju ẹnu mi lọ, ohun tó sì ń pariwo náà dúró láàárín ilé: tábìlì irin gbọọrọ, pẹ̀lú irin ńlá méjì tó rí róbótó bí ọmọ odó, ọ̀kan lórí èkejì, tí wọ́n ń yí sínú ara wọn. Wọ́n á ti ìyẹ̀fun pípò sí i láti ìhín, á jáde lọ́hùn-ún ní pẹlẹbẹ bí aṣọ tí a lọ̀. Ìyàwó mi ló dúró níbi ẹnu rẹ̀.

Obìnrin kan ń fi àkísà nu etí tábìlì. Etí àkísà náà kan irin. Mi ò rí i nígbà tó wọlé. Ọwọ́ obìnrin náà tó ṣófo ni mo rí. Àkísà jáde lódìkejì, ó tẹ́ bí ewé tí a fi sáàárín ìwé. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tó ki ìka bọ etí rẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan níbẹ̀, rẹ́rìn-ín sí mi.

“Ẹ má fòyà, Màmá. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣàṣàyàn oúnjẹ.”

Mo pariwo sí i létí pé, “Kí ló dé tí ẹ ò bo ẹnu rẹ̀?”

“Ó ní ohun tó ń bò ó tẹ́lẹ̀. Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, a yọ ọ́.”

Ìyàwó mi rí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúró, kí òun ti èyí tó wà lọ́wọ́ òun wọlé. Ó tẹ̀ síwájú. Wajawaja náà fi àyà rẹ̀ sílẹ̀. Ó fì, ó kan ìyẹ̀fun tó ń lọ sẹ́nu irin, ó padà. Ó tún fì, ó tún kàn án, ó tún padà, bí ọmọdé tó ń fi ìka tọ́ ajá tó ń sùn wò.

Mo fi fóònù lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá ní àlejò kì í pẹ́ níbẹ̀. Mo rìn délé, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó ń lọ lórí mi kò ju ọ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ òwú mi àtijọ́ ni, irin á fà á, á já pátì, àwọn òṣìṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi á ṣa ìlẹ̀kẹ̀ wálé. Ṣùgbọ́n èyí kì í já. Èmi ni mo gbé korobá kọ́ ọ. Èmi ni mo ṣubú nílẹ̀ tí mò ń fi yangàn.

Ẹ ó ní, kí ló dé tí o ò sọ fún un? Ẹ̀yin náà ẹ ronú. Kí ìyá ọkọ dúró níwájú ìyàwó ilé, kó ní, “Ohun tí mo fún ọ yìí máa pa ọ́”? Ṣé ẹnu ni a fi ń sọ irú rẹ̀? Bí kò bá ṣẹlẹ̀, mo ti ro ibi sí i. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní mo ti ṣépè fún un kó tó jáde nílé. Ọ̀rọ̀ ikú kì í rọrùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, lẹ́nu ìyá ọkọ ni kò rọrùn jù. Nítorí náà mo fi ọgbọ́n ṣe é. Ẹ wá wo ọgbọ́n.

“Ìyàwó, bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn fún mi, kí n fi èyí tó dára sí i.”

“Ó dára báyìí, Màmá mi.”

“Àwọ̀ rẹ̀ ò bá ọ lára mu.”

Ó fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ náà. “Ẹ̀yin lẹ yan àwọ̀ rẹ̀.”

“Mo yí ọkàn padà ni. Ká máa fi ṣe ọ̀ṣọ́ inú ilé. Má wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́.”

“Ẹnìkan sọ nǹkan fún yín nípa mi níbi iṣẹ́?”

“Ta ló máa sọ kí ni?”

Ọmọ mi gbé ojú sókè níbi tó ti ń jẹun. “Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ fúnra yín fún un lẹ tún fẹ́ gbà?”

“Mi ò fẹ́ gbà á! Mo ní kó bọ́ ọ ni!”

“Kí ni ìyàtọ̀ wọn?”

Ìyàwó mi gbé abọ́ rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, “Màmá” ló kí mi, kò fi “mi” sí i. Ìlẹ̀kẹ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀, ó tiẹ̀ tún un ṣe kó lè hàn dáadáa lórí aṣọ iṣẹ́.

Mo lọ bá Télọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

“Ẹnu rẹ tí kò ní ilẹ̀kùn, òun ló wá ní kọ́kọ́rọ́ lónìí?”

“Télọ̀, má fi mí ṣẹ̀sín.”

“Ẹ̀sín kọ́. Tó o bá lè sọ fún Alága pé ìdí rẹ̀ ló wúwo tó fi ṣubú, o lè sọ fún ọmọ yìí pé kó yọ ọrùn rẹ̀ nínú ewu. Sọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu rẹ, kó bínú, kó wà láàyè.”

“Tó bá ní mo ṣépè ńkọ́?”

“Kó ní bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pariwo pé wọ́n ṣépè fún òun, ọ̀fun rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.”

Mi ò tíì ní ìgboyà. Mo ní kí n kọ́kọ́ jí ìlẹ̀kẹ̀ náà gbé nígbà tó bá wọ balùwẹ̀, kí n yára fi òwú lásán rọ́pò okùn ìwọ̀ tó wà lẹ́yìn ọrùn. Mo bá lúgọ síbi ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bí olè, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, mo fẹ́ wò ó bóyá ó bọ́ ọ síbi tí ó gbé aṣọ kọ́ sí. Mo gbọ́ ọ nínú omi: ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wẹ̀. Ó ní òun ò ní bọ́ ọ láé, ẹni tó máa ń mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ sì ni. Ọmọ mi bá mi níbẹ̀ nídùúró.

“Màmá, kí lẹ ń ṣe níbí?”

“Mò ń gba afẹ́fẹ́.”

Mo pinnu pé kí ilẹ̀ tó mọ́, màá sọ ọ́, kó di ohun tó bá fẹ́ dà. Nígbà tí mo jí, ọmọ mi nìkan ló wà nílé. Ó ní ara ẹnìkan ò yá níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n ti tètè pe ìyàwó òun, ìyàwó nìkan ló máa dúró ti ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí.

Mi ò mọ bí mo ṣe jáde. Bàtà ọmọ mi wà ní ẹsẹ̀ kan, sálúbàtà mi wà ní èkejì, mò ń tiro bí pẹ́pẹ́yẹ, ìró mi ń tú, mò ń fi ìgúnpá dì í mú. Àwọn ọmọ ilé ìwé dúró wò mí. Ọlọ́kọ̀ kan ní, “Ìyá, ṣé wọ́n ń lé yín ni?” Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ náà láti òpin àdúgbò, ó ń kùn. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kùn, kó má dákẹ́.

Nígbà tí mo wọlé, ó wà níbẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó tẹ̀ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ìyẹ̀fun títí dé ìgúnpá. Mo la ẹnu láti pè é, mo sì pa á dé. Tí mo bá pè é, á yíjú. Tó bá yíjú, wajawaja náà á fì. Mo wá súìṣì kiri lára ògiri bí mo ṣe máa ń wá ojú abẹ́rẹ́. Mo rí pupa kan, mo fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Ẹ̀rọ kérora, ó dúró.

Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ bà mí lẹ́rù ju ariwo rẹ̀ lọ. Gbogbo wọn yíjú. Ọ̀gá sáré jáde.

“Ta ló pa ẹ̀rọ mi?”

“Èmi ni. Ìyàwó, bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ yẹn.”

“Màmá?” Ó wo bàtà mi, ó wo ìró mi, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ tọ̀ mí dé ibí nítorí ìlẹ̀kẹ̀?”

“Ẹ̀rọ yẹn máa fà á. Okùn rẹ̀ kì í já. Ó máa fà ọ́ wọlé pẹ̀lú rẹ̀.”

Ó ti jáde lẹ́nu mi. Ojú rẹ̀ yí padà bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa yí.

“Ẹ̀ ń ṣépè fún mi níwájú àwọn èèyàn, Màmá.”

“Èpè kọ́, ọmọ mi.”

“Ẹ ti fẹ́ gbà á tipẹ́. Ẹ ì bá sọ pé ẹ kábàámọ̀ rẹ̀.” Kò pariwo. Ó bọ́ ọ láti orí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí irun má baà há sí i. Mo na ọwọ́, kò fi lé mi lọ́wọ́. Ó gbé e kọ́ sórí ìkọ́ irin tó wà létí tábìlì, níbi tí wọ́n máa ń gbé irin tí wọ́n fi ń fá ìyẹ̀fun kọ́ sí. “Ó wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ, kí ẹ mú un.”

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọ̀gá ní kí wọ́n yé fi àkókò ṣòfò, ìyẹ̀fun ń wú. Ó tẹ súìṣì.

Tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ń tiro bọ̀ láti wá mú ìlẹ̀kẹ̀ mi, omijé ti fẹ́ bò mí lójú, nígbà tí mo rí wajawaja náà tó ń fì lórí ìkọ́. Ó kan ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun náà tutù, ó ń lẹ̀. Kò jẹ́ kó padà lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé e lọ jẹ́jẹ́, bí ẹni mú ọmọ lọ́wọ́ sọdá títì.

Irin gbà á. Ìlẹ̀kẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ó ń dún bí ẹni ń jẹ eegun. Okùn ọrùn náà nà tàn-án láti orí ìkọ́, ó tín-ín-rín, ó ń ké ohùn kékeré kan tí mi ò gbọ́ rí. Kò já. Ìkọ́ irin náà ló tẹ̀. Irin tó nípọn tó àtàǹpàkò ọkùnrin, ó tẹrí ba sí ẹnu ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ tì lẹ́yìn ọrùn, lẹ́yìn náà ó fà tu pẹ̀lú ìṣó rẹ̀, ó wọlé. Gbàgà! Ẹ̀rọ dúró fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá nàgà wò ó láti ọ̀nà jíjìn, ó yọ ìka létí. Láàárín irin méjèèjì, okùn náà ṣì wà ní odindi, ó yí ìkọ́ náà ká.

Ìyàwó mi gbé ọwọ́ oníyẹ̀fun lọ sí ọrùn. Ó fi í síbẹ̀, ibẹ̀ funfun. Ó jókòó sílẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, èmi náà fẹ́ jókòó tì í lórí àpò ìyẹ̀fun, àpò náà bẹ́ lábẹ́ mi, gbogbo ara mi funfun. Nígbà mìíràn, ẹ̀rín ìyẹn ì bá pa gbogbo ilé náà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

“Màmá mi,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ, “ó fà mí díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kí ẹ tó dé. Mo rò pé aṣọ mi ló há. Mo kàn fà á padà ni.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò ní àpárá kankan lẹ́nu.

Wọ́n fi irin gbọọrọ kan yọ ìkọ́ náà. Wọ́n nu ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n da ìyẹ̀fun tó kún fún àfọ́kù nù. Ọ̀gá ní òun máa wá ohun tó ń bo ẹnu rẹ̀ jáde tó bá yá, tí iṣẹ́ bá dín kù. Ó ní kí wọ́n dìde. Mo ní, “Ìyàwó, ká lọ sílé.”

“Tí mi ò bá dúró níbẹ̀, Màmá mi, ẹlòmíràn ló máa dúró níbẹ̀.” Ó dìde. Ó tú ìborí rẹ̀ tí etí rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Obìnrin tó pàdánù àkísà níjọ́sí yọ yẹtí gígùn létí, ó fi lé e. Èkejì bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Òmíràn tú okùn aṣọ iṣẹ́ tó ń fì nídìí rẹ̀, ó gé e, ó fi fún mi. Wọ́n ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi dà bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

Ọ̀gá tẹ súìṣì. Irin méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí sínú ara wọn. Ìyàwó mi tẹ̀ síwájú, ọrùn rẹ̀ ní ìhòhò, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù gbogbo wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mi ò lè lọ.